Láti Etí Odò Dogba dé Bodè Ìdènà

Ọjọ́ Ajé, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀)

Ogun tó fọ́ Kétu ní 1886 àti ogun tí Faransé bá Dàhòmì jà létí odò Ouémé ní 1892, bí ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé ìwé. Wọ́n á fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún àwa Yorùbá, wọ́n á sì fi ìkejì fún Àgbómẹ̀, olú ìlú ìjọba Dàhòmì. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, torí okùn kan náà ló so méjèèjì pọ̀. Àwọn tí Dàhòmì kó lẹ́rú ní Kétu, tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ oko ní agbègbè Àgbómẹ̀, wọn kì bá tí tètè rí ọ̀nà ilé bí kì í bá ṣe ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní abúlé kékeré kan tó ń jẹ́ Dogba. Ìdí nìyẹn tí èmi àti àbúrò mi tó ń wa mọ́tò fi ń lọ síbi méjèèjì: Dogba létí odò, níbi tí Faransé kọ́ ibùdó olódi sí, àti Kétu, tó ti ní odi àti yàrà tirẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí Faransé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

A ò tíì kúrò nílé lónìí. Mo ní kí àbúrò mi kọ́kọ́ bá mi wọ ààfin Honmẹ̀, torí kò sí béèyàn ṣe lè sọ ìtàn Dogba láì dárúkọ Tòfà, ọba tó wà lórí oyè ní Àjàṣẹ́ láti 1874 títí di 1908. Ìlú Allada ni ìdílé ọba Àjàṣẹ́ àti ti Àgbómẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ọmọ ìyá ni wọ́n, síbẹ̀ wọn ò fẹ́ràn láti rí ara wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì wá ń jó àwọn abúlé Tòfà tó wà létí odò ní 1889, ọ̀dọ̀ Faransé ló sá sí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1890, Faransé àti Dàhòmì jà ní Atchoukpa, tí kò jìnnà síbi tí mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ṣùgbọ́n inú ò rọ̀ lápá kankan.

Láti ààfin a ya ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Alexandre Sènou Adandé, a wo àwọn ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó wà níbẹ̀. Àbúrò mi dúró pẹ́ níwájú ọ̀kan tó gbé ejò sórí. Mo sọ fún un pé kó fara balẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín la ń lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Dogba

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀. A gba Dangbo, a gba Adjohoun, odò wà lápá òsì wa ní gbogbo ọ̀nà, bí a ò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ilẹ̀ yìí dára jù láti wò. Nígbà òjò, odò Ouémé máa ń kún títí á fi bo gbogbo àfonífojì, abúlé míì á di ibi tí èèyàn ò lè dé àfi bó bá wọkọ̀. Tó bá wá fà, ilẹ̀ dúdú tó fi sílẹ̀ ni wọ́n ń gbin àgbàdo, ata àti ẹ̀fọ́ sí, kò sì sí ẹni tó ń bú omi pé ó kún.

Ohun tó dá wa dúró lọ́nà ni whédo, bí àwọn ará Wémẹ̀, àwọn tó ń gbé létí odò yìí, ṣe ń pè é. Kòtò gígùn tóóró ni, tí wọ́n fi ọkọ́ gbẹ́ sáàárín ilẹ̀ àkúnya. Bí omi bá bo ilẹ̀, ẹja á wọ inú rẹ̀. Bí omi bá padà sódò, ẹja ò ní rọ́nà jáde mọ́. Bàbá ló ń fi í jogún fún ọmọ, àwọn míì sì ti wà láti ọwọ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò bá láyé mọ́. A bá ìdílé kan tó ń kó ẹja inú tiwọn. Wọ́n ti fa koríko tó bo ojú omi kúrò, wọ́n kó o jọ sí bèbè. Àwọn ọkùnrin wà nínú omi dé àyà, wọ́n na àwọ̀n láti ìhà kan dé ìkejì, wọ́n ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀ síbi tí kòtò náà parí sí. Omi rú, ó di ẹrẹ̀. Nígbà tí àyè ò sí fún ẹja mọ́, àrọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè, ó ń gbá wọn láyà, ó ń gbá wọn lójú. Àwọn obìnrin jókòó sórí bèbè pẹ̀lú agbọ̀n, wọ́n ń ya èyí tí wọ́n máa yan sọ́tọ̀, wọ́n ń ya èyí tí wọ́n máa tà ní tútù sọ́tọ̀. Ìyá kan rí i pé mo ń wo òun, ó di àrọ̀ kan mú ní ọrùn, níbi tí ẹ̀gún ò ti lè gún un, ó ní kí n wá gbà á wò. Mo gbà á, mo sì rà á.

Nígbà tí a dé Dogba, a kọ́kọ́ lọ kí olórí abúlé. Ó ní kí bàbá kan tẹ̀ lé wa, àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún lójú tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ kí wọn, Gùn la jọ sọ. Wọ́n mú wa lọ sí bèbè odò, wọ́n fi ọ̀pá wọn júwe ibi tí Faransé dó sí nígbà ogun: "Ẹ̀yìn wọn rèé, omi ni. Iwájú wọn rèé, igbó ni. Inú igbó yẹn ni àwọn Dàhòmì ti jáde sí wọn." Ohun tí mo ti kà náà nìyẹn gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kíkà yàtọ̀ sí kí èèyàn dúró síbẹ̀. Nígbà tí mo rí bí omi ṣe sún mọ́ bèbè tó, mo rí i pé ibẹ̀ ò ní ọ̀nà àbáyọ fún ẹni tí ogun bá lé padà.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1892. Ọkọ̀ ogun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Topaze ń gba orí odò Ouémé lọ, Victor Ballot tó jẹ́ aṣojú Faransé ní Àjàṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì yìnbọn sí i. Ohun tí Faransé ń wá láti fi gbé ogun dìde nìyẹn, wọ́n rí i. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Alfred-Amédée Dodds, ọmọ Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, ni wọ́n ní kó wá ṣáájú. Àwọn tó tẹ̀ lé e kì í ṣe òyìnbó nìkan. Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà wà níbẹ̀, àwọn Haúsá wà níbẹ̀, àwọn àjèjì tó ń fi owó jagun fún Faransé, àwọn Légion étrangère, náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ru ẹrù gbogbo wọn ni àwọn aláàárù láti ilẹ̀ Àjàṣẹ́.

Odò ni ọ̀nà ogun yẹn. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé oúnjẹ àti ọta ìbọn lọ, òun náà ló ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ padà sí Àjàṣẹ́, àgbá tó wà nínú rẹ̀ sì ń ran àwọn tó wà lórí ilẹ̀ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá jìnnà sómi, ebi á pa wọ́n. Ìdí tí abúlé kékeré létí odò fi di ibùdó ogun nìyẹn.

Ní ìdájí ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, kí ilẹ̀ tó mọ́, Dàhòmì dé. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ wọn kì í ṣe ṣakabùlà nìkan. Wọ́n ti ra ìbọn ìgbàlódé lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ará Jámánì ní Ouidah. Ṣùgbọ́n ìbọn Lebel tí Faransé gbé wá yára ju gbogbo rẹ̀ lọ, àgbá inú ọkọ̀ sì ń dún láti orí omi. Fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin ni Dàhòmì fi ń padà wá, wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ tẹ ọwọ́, kí idà lè ṣiṣẹ́. Ìbọn ò jẹ́ kí wọ́n dé ibẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló kú sí iwájú ibùdó yẹn. Lápá Faransé, ọ̀gágun Faurax tó ń darí àwọn Légion fara gbọgbẹ́, ọgbẹ́ yẹn ló sì pa á. Wọ́n kọ́ ibùdó olódi sí Dogba, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é: Fort Faurax.

Mo bi bàbá bóyá àwọn ọmọ kéékèèké abúlé mọ orúkọ yẹn. Wọ́n ní díẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni mọ orúkọ ẹyọ kan nínú àwọn aláàárù. Wọ́n wò mí, wọ́n mi orí. Ó dùn mí, mi ò ní pa á mọ́ra. Ẹni tó fi orí ru àpótí ọta ìbọn láti Àjàṣẹ́ nínú ẹrẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ọmọ wa ni. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì tó kú síwájú ibùdó náà ní orúkọ, wọ́n ní ilé. Àwọn obìnrin ajagun Dàhòmì jà nínú ogun 1892 yìí débi pé àwọn òyìnbó tó bá wọn jà kọ ọ́ sínú ìwé. Mo mọ̀ pé ogun Dàhòmì ló ba Kétu jẹ́, inú mi ò sì dùn sí wọn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò lè dúró síbi tí wọ́n ti kú kí n sọ pé wọn ò já mọ́ nǹkan kan.

Láti Dogba, ogun náà gòkè odò sí i, wọ́n jà ní Poguessa ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, lẹ́yìn náà wọ́n yí orí sí ìwọ̀ oòrùn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá, wọ́n wọ Àgbómẹ̀. Ọba Béhanzin ti dáná sun ààfin kó tó kúrò níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò bọ́ sọ́wọ́ wọn títí di oṣù kìíní ọdún 1894.

Àrọ̀ tí mo rà la sè jẹ lálẹ́.

Ọjọ́rú, lójú ọ̀nà

Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu lé ní 100 kìlómítà. A kọjá ní Sakété, a jẹun ní Pobẹ̀, níbi tí ọgbà ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922. Lẹ́yìn Pobẹ̀ la bọ́ sí ilẹ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, tí Faransé ń pè ní Hòlì. Ilẹ̀ dúdú amọ̀ ni, bí òjò bá rọ̀ sí i, ẹsẹ̀ èèyàn ò ní yọ níbẹ̀, débi pé ọ̀pọ̀ ọdún ni Faransé ò fi lè gba ibẹ̀ bí ó ṣe wù wọ́n. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí wọn, wọ́n kọ owó orí, wọ́n kọ iṣẹ́ ọ̀ranyàn. Eruku ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Onígbòlò la fi mọ̀ pé a ti jìnnà. A wọ Kétu lẹ́yìn ìrun Magaribi.

Ọjọ́bọ̀, Ìdènà

Ìlú tó bá ní odi, bodè rẹ̀ ló yẹ kí àlejò kọ́kọ́ kí. Àkàbà Ìdènà ni wọ́n ń pe ti Kétu. Ẹni tó bá ń retí géètì onírin bíi ti ilé olówó, ó máa yà á lẹ́nu. Ilé ni bodè náà, ilé amọ̀ olórùlé tí ọ̀nà gba inú rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀kùn wà lápá òde, ilẹ̀kùn wà lápá inú, àyè sì wà láàárín. Àlejò tó bá wọ ti òde kò tíì wọ Kétu. Bí àwọn oníbodè bá fura sí i, wọ́n á ti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò ní ṣí èyí tó wà níwájú.

Mo sún mọ́ ògiri. Amọ̀ pupa ni, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da ẹ̀pà sínú gúgúrú. Níbi tí òjò ti jẹ ẹ́ díẹ̀, mo rí ìlà tó ń fi hàn bí wọ́n ṣe mọ ọ́n: ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Iṣẹ́ onísùúrù ni. Èèyàn ò lè fi ìwàǹwára mọ odi, torí bí èyí tó wà nísàlẹ̀ ò bá tíì gbẹ, èyí tó wà lókè á tẹ̀ ẹ́ wó. Yàrà wà níwájú odi, igi ti hù nínú rẹ̀, ilé sì ti ń sún mọ́ ọn láwọn ibì kan. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ nínú yàrà ni wọ́n fi mọ odi, iṣẹ́ kan tí èrè rẹ̀ jẹ́ méjì: bí yàrà ṣe ń jìn sí i ni ògiri ń ga sí i.

Bàbá tó mú wa káàkiri, agbolé rẹ̀ ò jìnnà sí bodè. Wọ́n ní Alákétu Sà ló ní kí wọ́n mọ odi náà, pé àwọn òmìrán méjì ló gbẹ́ yàrà. Wọ́n tún sọ ti bí ìlú ṣe dó, pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n dúró ní Arò, ọba tó ń jẹ́ Ẹ̀dẹ ló kó wọn kúrò níbẹ̀ wá síbí, ọdẹ ló ṣáájú wọn nínú igbó. Nígbà tí wọ́n dé, ìyá arúgbó kan tí wọ́n bá níbẹ̀ ló fún wọn níná. Títí dòní, bí wọ́n bá fẹ́ fi Alákétu tuntun jẹ, wọn ò gbàgbé ìyá yẹn. Mo fẹ́ràn ìtàn iná yìí ju ti òmìrán lọ. Ìlú tó gbà pé ọwọ́ ẹlòmíì lòun ti gba iná àkọ́kọ́, ó ní ìwà.

Ògiri yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Dàhòmì gbógun wá sí ilẹ̀ Kétu ní 1789, odi ṣì dúró. Bowen, oníwàásù ará Amẹ́ríkà, dé ibí ní 1851. Samuel Ajayi Crowther dé ní 1853, ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí fúnra rẹ̀. Ìlú tó wà lójú ọjà, tó ní ọba, tó ní oko káàkiri ni àwọn méjèèjì bá.

Bàbá wá jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, ohùn wọn yí padà nígbà tí wọ́n kan ti Glèlè, ọba Dàhòmì. Ní 1883, ogun Dàhòmì mú Alákétu Ọ̀jẹ̀kú, wọ́n sì pa á. Ìlú tí wọ́n bá pa ọba rẹ̀ lójú ogun, ó ti sọ orí nù. Nígbà tí wọ́n tún padà wá, tí wọ́n dó ti Kétu, àwọn ará ìlú ti bodè, wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé odi. Odi ò já wọn kulẹ̀. Dàhòmì ò gun un, wọn ò wó o. Wọ́n jókòó síta, wọ́n jẹ oko Kétu, wọ́n jẹ́ kí àwọn tó wà nínú jẹ èyí tó wà nínú àká títí kò fi sí mọ́.

Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí wọn ò jáde lọ jà?"

Wọ́n ní, "Wọ́n jáde, ọmọ mi, wọ́n jà. Ṣùgbọ́n odi ò ṣeé sè jẹ."

Bí wọ́n ṣe ń ròyìn rẹ̀ ní Kétu ni pé nígbà tí ebi ti mú gbogbo èèyàn, ọ̀gágun Dàhòmì ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Àwọn ìjòyè jáde lọ. Wọ́n mú wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bodè ò ní ẹni tó máa ṣọ́ ọ mọ́. Ọdún 1886 nìyẹn. Wọ́n pa àwọn àgbà, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n kó ìyókù lọ sí Àgbómẹ̀.

Mo dúró sáàárín ilẹ̀kùn méjèèjì lẹ́yìn tí bàbá ti sọ̀rọ̀ tán, mo ń ronú lórí ibùdó Dogba. Ibẹ̀ rí oúnjẹ gbà láti orí odò. Kétu ò ní odò tí ọkọ̀ lè gbà kó oúnjẹ wá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń bọ̀ láti gbà á. Odi Kétu dára ju ti Faransé lọ, mo lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tó wà lẹ́yìn odi ló yàtọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, àwọn tó padà

Àárọ̀ kùtù la lọ kí ìyá àgbà kan tí àwọn ará ilé bàbá àná júwe fún wa. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní, "Dìde, ọkọ mi," wọ́n sì bi àbúrò mi bóyá ó ti jẹun. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní irọ́ ló ń pa, wọ́n ní kí wọ́n gbé ẹ̀kọ wá.

Ìyá ìyá ọkọ wọn wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ ní 1886. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n ń lọ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn padà. Nígbà tó dé Kétu, Fọ̀n ló ń sọ geere; Yorùbá ẹnu rẹ̀ ń kọ́lẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá ní títí ó fi dàgbà, bí inú bá bí i, Fọ̀n ló fi ń bínú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ò padà. Ó ti lọ́kọ níbẹ̀, ó ti bímọ níbẹ̀.

Èyí ló ń mú mi wá láti Àjàṣẹ́. Lẹ́yìn tí Àgbómẹ̀ ṣubú, láàárín 1893 sí 1894, àwọn ọmọ Kétu tí wọ́n kó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Faransé ò torí Kétu jagun. Torí ọjà àti ilẹ̀ ni wọ́n ṣe jà, mi ò sì ní dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìdájí yẹn ní Dogba wà lára ohun tó ṣí ọ̀nà. Ìlú tí wọ́n padà sí ti di igbó. Ọba Onyegẹn gorí oyè ní 1894, ó wà níbẹ̀ títí di 1918. Wọ́n tún bodè ṣe, wọ́n tún ojúbọ ṣe, ìdílé ọba márààrún, Aláàpínni, Mágbó, Arò, Mẹ̀ṣà àti Mẹ̀fú, padà sẹ́nu oyè jíjẹ. Ní ọdún méje tí ilé ti jóná, tí àwọn àgbà ti kú tàbí tí wọ́n ti fọ́n ká, wọ́n ṣì rántí ìdílé tó kàn. Mi ò mọ odi tó le ju ìyẹn lọ.

Kò túmọ̀ sí pé ara tù wọ́n. Owó orí dé, iṣẹ́ ọ̀ranyàn dé. Ojú ọba ti ń di bàìbàì, Faransé wá gbé agbára lé Alábá Ìdá, ìyàwó rẹ̀, lọ́wọ́ láti 1911. Ọwọ́ rẹ̀ le, ìlú kùn sí i, ní 1917 Faransé kan náà yọ ọ́. Àwọn kan ní Kétu ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀ dòní. Ìyá àgbà tilẹ̀ dákẹ́ nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀, wọ́n wá ní, "Ta ló gbé e síbẹ̀?" Wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Ọ̀sán, a lọ sí ìgboro. Mọ́ṣáláṣí kún fún ìrun Jímọ̀. Mo bá ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, igi náà ṣì tutù, ó ti yọ imú, kò tíì yọ ojú. Kétu ni àwọn onígẹ̀lẹ̀dẹ́ káàkiri gbà pé ó ti ṣẹ̀, UNESCO sì kéde rẹ̀ ní 2001, ó wọ àkọsílẹ̀ wọn ní 2008. Ní Bàhíà lọ́hùn-ún ní Bùràsílì, àwọn tó ń bọ òrìṣà ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu títí dòní, àwọn tí bàbá ńlá wọn ò rí ọ̀nà padà. Àbúrò mi béèrè bóyá òun lè fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin náà ní kó dì í mú dáadáa, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Lálẹ́, ìyá àgbà ránṣẹ́ pè wá. Wọ́n ti rántí orúkọ àwọn tó padà nínú agbolé wọn. Wọ́n ń pè é, mo ń kọ ọ́. Wọ́n sọ ẹni tó mú irúgbìn dání, ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé, ẹni tó kú kó tó kọ́ ọ tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìlárá

Ibodè Nàìjíríà la yà sí kí a tó padà sílé, torí kò yẹ kí èèyàn sọ ìtàn àwọn tó padà kó má sọ ohun tí wọ́n bá. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà gba àárín ilẹ̀ Kétu kọjá. Kétu fúnra rẹ̀ bọ́ sápá Faransé, Mẹ̀kọ bọ́ sápá Gẹ̀ẹ́sì, Ìlárá wà lórí ìlà gan-an. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. 1889: ilé Kétu ti jóná, ọba ò sí, ìjòyè ò sí, àwọn èèyàn rẹ̀ wà lóko ẹrú ní Àgbómẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nílé tí wọn ì bá bi léèrè. Àwọn tó padà ní 1893 bá oko bàbá wọn ní ìlú òyìnbó méjì.

Ní Ìlárá, èèyàn ń gba ilé ẹ̀gbọ́n lọ sílé àbúrò, ó ti kúrò ní Bẹ̀nẹ̀, ó ti wọ Nàìjíríà. Sẹ́fà ni wọ́n fi ra ẹ̀kọ, náírà ni wọ́n fi ra ọṣẹ. Mo fi orúkọ tí mo kọ lálẹ́ àná han ọkùnrin kan tó dàgbà jù mí lọ díẹ̀. Ó kà á, ó tọ́ka sí mẹ́ta nínú wọn, ó ní àwọn wọ̀nyí ò dúró ní Kétu, pé Mẹ̀kọ ni wọ́n lọ, torí ibẹ̀ ni oko wọn wà. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà níbẹ̀. Ìyá àgbà náà ti sọ fún mi pé àbúrò àwọn kan wà ní Mẹ̀kọ, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyókù orúkọ wà, pé kí n tètè lọ torí ó dàgbà ju àwọn lọ lójú.

Ìwé àṣẹ ìrìnnà mi wà nílé, ní Àjàṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó padà wá, a ó gba Ìlárá yìí náà kọjá sí Mẹ̀kọ. Bí ìwọ tó ń kà á bá jẹ́ ọmọ agbolé kan ní Kétu, ní Mẹ̀kọ tàbí ní Ìlárá, tí bàbá ńlá tàbí ìyá ńlá rẹ sì wà lára àwọn tó ti Àgbómẹ̀ padà, bi àwọn àgbà ilé rẹ léèrè orúkọ wọn nísinsìnyí, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀nà tí wọ́n gbà wálé.